Ẹja Yàrá Bàbá Nùrẹ́nì

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá Nùrẹ́nì wó, kò sí ohun kan nínú ilé náà tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé àfi ẹja. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ tí Nùrẹ́nì ọmọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbé àpótí dígí kan wọlé, tó bu omi sínú rẹ̀, tó sì tú ẹja tíntìntín mẹ́fà sí i látinú ọ̀rá. Àwọn kan pupa, àwọn kan dúdú, ọ̀kan sì wà tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

“Nùrẹ́nì, nínú gbogbo ẹja tó wà láyé, èyí tí kò lè kún ṣíbí lo rà wá fún wa?”

“Mọ́mì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ. Àwọn tó ń bá Dádì na ẹsẹ̀ ní ọsibítù ló ní ká wá nǹkan tó ń rìn, tí wọ́n á máa wò.”

Sàfúrátù pòṣé. Ó ti rí oríṣiríṣi ìtọ́jú láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀: abẹ́rẹ́, oògùn, àgbo, tírà. Kò sí èyí tó dá ohùn padà sí i lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú mọ́ ọn lára, ẹnu wọ́, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ títí tíì á fi tutù níwájú rẹ̀ kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Èyí tó ń ba Sàfúrátù lẹ́rù jù ni pé kò fẹ́ jẹun. Àjà ló ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tí wọ́n bá fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, á pa ẹnu náà dé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹja dé yẹn, nígbà tí Sàfúrátù gbé abọ́ ẹ̀kọ wọlé, ó rí i pé ojú ọkọ òun ti kúrò ní àjà. Ojú náà ń bá ẹja onírù gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn lọ sọ́tùn-ún, ó ń bá a bọ̀ sósì. Ó rọra ti ṣíbí sí i lẹ́nu, ọkọ rẹ̀ gbé e mì. Ó tún ti òmíràn, ó gbé ìyẹn náà mì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbójú kúrò lára omi. Sàfúrátù sunkún lórí abọ́ ẹ̀kọ náà. Nùrẹ́nì jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà rí ojú tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹja ti wọ obìnrin náà lọ́kàn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ó mọ̀ pé wọ́n á ní orí òun ti ń dàrú, ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́ pátápátá: níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹja yìí bá wà láàyè, ọkọ òun á máa jẹun, á sì wà láàyè. Tí wọ́n bá kú, ó parí.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tó bọ́ sí i lọ́rùn. Obìnrin tí kò sin ohunkóhun rí ju adìẹ lọ ni Nùrẹ́nì gbé ẹja lé lọ́wọ́, tó sì padà sí Èkó.

Ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti wá. Ará Ìwó ni Bàbá Nùrẹ́nì àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti pẹ́ ní Ọ̀tà, àwọn ọmọ ìlú wọn tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá kó wá síbẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. Wọ́n ń wá kí aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n ń gbé búrẹ́dì àti ọsàn lọ́wọ́. Wọ́n á ṣàdúrà pé Ọlọ́hun á jí i dìde, wọ́n á sì jókòó. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí èèyàn ń bá ẹni tí kò lè fèsì sọ, ni gbogbo wọn bá kọjú sí ẹja. “Ẹ ò rí àwọn èyí! Ṣé wọ́n ti jẹun?” Onítọ̀hún á já búrẹ́dì, á jù ú sómi. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á ju tirẹ̀. Ta ni yóò wá kí ni nílé tí a ó ní kó má fún ohun ẹlẹ́mìí lóúnjẹ? Sàfúrátù fúnra rẹ̀ kì í mu gààrí níwájú wọn kó má wọ́n díẹ̀ sí wọn. Kò pẹ́ tí omi fi funfun bí omi ògì, tó ń rùn, tí méjì nínú ẹja náà sì léfòó.

Bàbá Nùrẹ́nì kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Sàfúrátù wọkọ̀ láti Ìjòkó níbi tí wọ́n ń gbé lọ sí Ṣàngó. Ó ń béèrè kiri nítòsí afárá, láàárín àwọn tó ń ta bàtà àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe, títí wọ́n fi júwe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàlàkọ́ fún un. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni Sàlàkọ́. Ẹja aláwọ̀ mèremère ló ń tà, ó so wọ́n kọ́ sínú ọ̀rá olómi níwájú sọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ Sàfúrátù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìyá, oúnjẹ ẹja ò ju ohun tí ìka méjì lè mú lọ. Èyí tí wọ́n bá jẹ kù, ẹ kó o kúrò kíákíá. Tó bá jẹrà nísàlẹ̀ ibẹ̀, májèlé ló dà yẹn. Ẹ sọ fún àwọn àlejò yín kí wọ́n máa gbé búrẹ́dì wọn lọ.”

“Wọ́n á ní mo ya ahun.”

“Kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Omi yẹn ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀?”

“Mo dà á nù, mo fi ọṣẹ fọ àpótí náà, mo pọn òmíràn sí i.”

Sàlàkọ́ di etí méjèèjì. “Háà, Ìyá! Ẹ má fi ọṣẹ débẹ̀ mọ́. Ẹ má sì da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn ò ní gbà á. Ẹ máa bu díẹ̀ kúrò, kí ẹ fi díẹ̀ rọ́pò. Omi tuntun yẹn gbọ́dọ̀ ti sùn o, kó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù láti àná. Ẹ má gbé e sínú oòrùn. Ẹ kì í ṣáà da nǹkan kan mọ́ omi yín, bí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò?”

“Láéláé. Omi kànga lásán ni.”

Sàfúrátù kò purọ́. Ohun tó mọ̀ ló sọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ àdúgbò wọn ní Ìjòkó, omi tí wọ́n bá sì fà nínú kànga ibẹ̀ máa ń pọ́n. Kò sí ilé tí kò ní òkúta álọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á mú un dání, wọ́n á fi ro omi yípo yípo, gbogbo ìdọ̀tí á wọlẹ̀, omi á mọ́ gaara. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Sàfúrátù ń ṣe é, kó tó gbá ilẹ̀, kó tó dáná. Kò ka álọ́ọ̀mù sí ohun tí èèyàn ń fi sómi, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe lè ka títu ìyẹ́ adìẹ sí ara èròjà ọbẹ̀.

Ta ló kọ́ ọ? Ọkọ rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ní Ṣàngó ni Bàbá Nùrẹ́nì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìdí omi ni wọ́n sì fi í sí. Òun ló ń wọn álọ́ọ̀mù sínú kòtò omi ńlá tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Òun náà ló bu díẹ̀ wálé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tiwọn, tó rí omi kànga wọn, tó ní kí ìyàwó òun má mikàn. Ó mọ iṣẹ́ álọ́ọ̀mù. Ó mọ ohun tó ń ṣe fún omi, ó sì mọ ohun tó ń ṣe fún ẹja, torí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí epìyà tó léfòó rẹpẹtẹ nínú kòtò yẹn lọ́jọ́ tí ẹnì kan wọ̀n ọ́n jù. Gbogbo ìyẹn wà nínú orí rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ ni kò sí.

Sàfúrátù wá ra ẹja díẹ̀ kún èyí tó kù, ó sì tẹ̀ lé ohun tí Sàlàkọ́ sọ. Ó lé búrẹ́dì jáde nínú yàrá. Ó gbé àpótí náà kúrò níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó gbé e sí ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o láì yí ọrùn. Ó ń bu omi kúrò, ó ń fi omi dúrọ́ọ̀mù rọ́pò, omi tó ti sùn, omi tó mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá rí i nídìí iṣẹ́ náà á rò pé ọmọ tuntun ló ń wẹ̀.

Ìgbàkigbà tó bá ti gbé garawa wọlé, Bàbá Nùrẹ́nì á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ibùsùn.

Ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́kù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Á fi lu ibùsùn gbì, gbì, gbì, á nà án sí garawa, á nà án sí ojú fèrèsé níbi tí dúrọ́ọ̀mù wà, á sì máa ké bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun.

“Òǹgbẹ ni? Ó ti tó, ó ti tó, mò ń bù ú bọ̀.” Sàfúrátù á bu omi fún un. Á mu ún, ojú rẹ̀ á pọ́n, kò sì ní ṣíwọ́ lílu. Obìnrin náà á wá gbé póò ìtọ̀ wá. Kì í ṣe póò. Á fi epo ìpara ra á lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀yìn. Nígbà tó bá rẹ àwọn méjèèjì, Sàfúrátù á jókòó, á sì máa wò ó, ojú á máa tì í pé òun tí òun ti bá a gbé láti ìgbà ọmọge kò mọ ohun tó ń fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àlejò wà nílé nígbà tó ń pààrọ̀ omi. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìwó ni, Alàgbà Dúrótoyè, ẹni tó kórìíra àfojúdi bí ìgbẹ́. Bàbá Nùrẹ́nì tún na ọwọ́ òsì yẹn, ó nà án kọjá iwájú bàbá náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án ní irùngbọ̀n. Alàgbà fà sẹ́yìn, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ara Sàfúrátù gbóná fún ìtìjú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Àìsàn ni. Kò mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni.”

Ó mú ọwọ́ náà, ó ká a, ó fi sábẹ́ aṣọ ìbora, ó sì tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀ dáadáa lábẹ́ tìmùtìmù. Látọjọ́ náà, kó tó gbé garawa wọlé rárá ni yóò ti kọ́kọ́ ká ọwọ́ náà sábẹ́ aṣọ. Yóò ní, “Ẹ sinmi, Bàbá Nùrẹ́nì, ẹ má dá ara yín lágara,” yóò sì bu omi tirẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ó sì dùn mí pé ìfẹ́ ni.

Àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọn kò kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó fura. Ọ̀kan á kọ́kọ́ máa sáré ya ẹnu sókè omi, á máa fi ara ha òkúta, á wá dákẹ́ sí igun kan, nígbà tó bá di ọjọ́ kejì á ti dòbálẹ̀. Sàfúrátù á ní omi náà ni kò mọ́ tó, á tún pààrọ̀ sí i. Bó ṣe ń pààrọ̀ omi tó ni wọ́n ń kú tó. Bí wọ́n ṣe ń kú tó ló ń ro álọ́ọ̀mù sí i nínú dúrọ́ọ̀mù, kí omi wọn lè mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó pe Sàlàkọ́ lórí fóònù, ó ń sunkún.

“Ìyá, ṣé ẹ ò fún wọn lóúnjẹ jù?”

“Ìka méjì ni.”

“Omi yẹn sùn?”

“Ó sùn, ọmọ mi. Ó sùn dáadáa.”

“Ọ̀rọ̀ yìí wá fẹ́ yé mi tì o.”

Ẹja onírù gbàgẹ̀rẹ̀ ló kù gbẹ̀yìn. Fún ìgbà díẹ̀, òun àti Bàbá Nùrẹ́nì jọ ń wo ara wọn. Ọkùnrin náà kò lu ibùsùn mọ́ nígbà yẹn. Tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé garawa wọlé, tó bá wá ká ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà á tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Sàfúrátù rò pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ fún Nùrẹ́nì lórí fóònù pé, “Alihamudulilai, Dádì rẹ kì í ṣe wàhálà mọ́.”

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹja yẹn kú, Bàbá Nùrẹ́nì ló kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí Sàfúrátù fi máa wọlé, ó ti yí ojú sí ògiri. Ó gbé ẹ̀kọ wá, ọkọ rẹ̀ pa ẹnu dé. Ó gbé e wá lọ́sàn-án, ó pa á dé. Ọjọ́ kejì náà bẹ́ẹ̀. Omi àpótí náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Sàlàkọ́ gbọ́, ó ní òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun wo omi náà. Ó dé láàárọ̀, ó gbé ọ̀rá ẹja tuntun méjì lọ́wọ́, ó sì bá Sàfúrátù nídìí dúrọ́ọ̀mù, apá rẹ̀ wọ inú omi dé ìgbọ̀nwọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Kí lẹ fi ń ro omi yẹn?”

“Álọ́ọ̀mù ni. Omi ibí ti pọ́n jù.”

Sàlàkọ́ dúró. “Omi yìí náà lẹ ń bù fún ẹja?”

“Omi wo ni n bá tún bù?”

“Mo bi yín, Ìyá. Mo bi yín bóyá ẹ ń fi nǹkan sí i.”

“Ṣé èyí náà wá ni nǹkan?”

Ọkùnrin náà gbé ọ̀rá rẹ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀. “Ó máa ń mú kí omi kan díẹ̀. Àwa lè mu ún kó má ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹja tó ń gbé inú ẹ̀, tó ń fi í mí, bíbó ló máa bó o níbi tó ti ń mí. Èmi ni mi ò béèrè dáadáa. Bọ́ọ̀hóòlù la ní nílé wa, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.”

Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń ṣàlàyé irú omi tí wọ́n lè máa lò, bí wọ́n ṣe lè gbe omi òjò. Sàfúrátù kò gbọ́ ọ mọ́. Kì í ṣe ẹja ló ń rò. Ọwọ́ kan ló ń rò, tó ń nà sí garawa, tó ń nà sí fèrèsé, sí dúrọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo álọ́ọ̀mù. Ó rí ara rẹ̀ tó ń ká a. Ó rí ara rẹ̀ tó ń tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀. Òkúta álọ́ọ̀mù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi, kò sì wá a.

Ó wọlé lọ, ó fi Sàlàkọ́ sílẹ̀ lórí ìdúró. Ojú ọkọ rẹ̀ ṣì kọ sí ògiri. Àyè tó wà láàárín ibùsùn àti ògiri kéré, ṣùgbọ́n ó fún ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó kúnlẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè ko tirẹ̀. Ó tú aṣọ ìbora. Ó mú ọwọ́ òsì náà jáde, ó sì fi í sáàárín àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

“Bàbá Nùrẹ́nì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún ọwọ́ mi. Tó bá jẹ́ rárá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó tún sún mọ́ ọn. “Ṣé álọ́ọ̀mù lẹ ń sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

Bàbá Nùrẹ́nì wò ó. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ìka náà fún un, fẹ́ẹ́rẹ́.

Gbogbo oṣù tí wọ́n ti lò bọ̀, kò sí ìgbà kankan tó bi í ní ìbéèrè tó sì dúró gba ìdáhùn. Ó ń bi í, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì ń gbé póò wá.

“Sàlàkọ́ kó ẹja tuntun wá. Ó ti sọ bá a ó ṣe máa ṣe omi wọn, wọn ò ní kú mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kó wọn wọlé?”

Ọwọ́ náà kò mira. Ó dúró pẹ́, ó tún un béèrè, bóyá kò gbọ́. Ọwọ́ náà kò mira síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ kò kúrò lójú tirẹ̀. Ó gbọ́.

Omijé ń bọ́ sórí ìka àwọn méjèèjì. Sàfúrátù mọ ìbéèrè tó kàn, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju gbogbo ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ìgbà àìsàn náà lọ. Ì bá rọrùn kó dìde, kó lọ dáná ẹ̀kọ.

“Ṣé ẹ ń bínú sí mi?”

Ó fún un. Kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo agbára tó kù nínú ara náà ló kó sínú àwọn ìka yẹn, ó fún ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ débi pé òrùka rẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́ran. Ó dùn ún. Kò fa ọwọ́ náà kúrò.

“Ẹ jàre,” ó ní, ó sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an. “Ẹ jàre mi, Múìdéènì.”

Sàlàkọ́ ń wúkọ́ lóde, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun kó ẹja wọlé.  Sàfúrátù kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa fún un lọ́wọ́ títí ọwọ́ náà fi rẹ̀ ẹ́.